Ta Ni Ó Ń Dúró De Ìdáhùn Rẹ?

Bíbélì kíkà: Lúùkù 1:1–4, Lúùkù 8:43–48



Lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa tó ń ṣe iṣẹ́ ìlera máa ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí mi. Nọ́ọ̀sì wà nínú wọn, apòògùn wà, dókítà wà, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní yàrá àyẹ̀wò náà wà. Ọ̀rọ̀ wọn kì í ju ẹyọ kan lọ: "Àǹtí, mo fẹ́ ṣe PhD. Ẹ fi mí sínú àdúrà." Mo máa ń fi wọ́n sínú àdúrà. Ṣùgbọ́n mo máa ń kọ́kọ́ bi ẹni náà pé, "Kí lo fẹ́ fi ṣe?" Púpọ̀ nínú wọn kì í lè dáhùn tààrà. N kì í bá wọn wí, nítorí pé nígbà tí ó kàn mí, irọ́ ni mo fi dáhùn.

Ìbínú ló ra fọ́ọ̀mù mi

Nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí ni mí. Mo ti lo ọdún mọ́kànlá lẹ́nu iṣẹ́ kí n tó gba fọ́ọ̀mù PhD. Ní ọjọ́ Ìsinmi tí mo dìde jẹ́rìí nínú ìjọ, mo ní Ọlọ́run ló fẹ́ gbé mi ga kí n lè jẹ́ ìbùkún. Gbogbo ìjọ ṣe "Àmín." Ohun tó wà nísàlẹ̀ ọkàn mi kọ́ nìyẹn. Dókítà kan, tí mo ti ń gbẹ̀bí kí ó tó wọ yunifásítì, ló bú mi lójú àwọn aboyún. Ó ní, "Nọ́ọ̀sì, tìrẹ ni kí o tẹ́ bẹ́ẹ̀dì, má bá wa ronú." Mo gbé ọ̀rọ̀ náà délé, mo gbé e sùn, mo gbé e jí. Mo búra nínú ara mi pé wọn yóò pe èmi náà ní Dókítà, lójú rẹ̀. Ẹ̀yin ará, ìbínú ló ra fọ́ọ̀mù mi. Mo kàn kọ orúkọ Ọlọ́run sí i lára ni.

Tìrẹ lè má jẹ́ ìbínú. Ẹni tó ń kọ́ni ní yunifásítì mọ̀ pé láìsí PhD, ibì kan wà tí ìgbéga òun yóò dé tí yóò dúró gbagidi. Ẹlòmíràn ń wá ọ̀nà àtijáde. Ó ti gbọ́ pé ilé ẹ̀kọ́ kan lókè òkun ń san owó fún akẹ́kọ̀ọ́, ó sì ní aya àti ọmọ tó fẹ́ kó dání. Ẹlòmíràn, bàbá rẹ̀ ló fẹ́ gbọ́ "Ọ̀mọ̀wé" níwájú orúkọ ọmọ rẹ̀ kí ó tó kú. N kò pe ìkankan nínú wọn ní ẹ̀ṣẹ̀. Ẹ̀dá ń jẹun, ẹ̀dá sì ń bọ́ ọmọ. Ṣùgbọ́n Òwe 16:2 kìlọ̀ fún wa pé a kì í tètè rí àbùkù ara wa, pé Ọlọ́run ló ní òṣùwọ̀n tí a fi ń wọn ohun tó wà nínú. Àwọn ìdí wọ̀nyí lè bá ọ wọ ọkọ̀. Má jẹ́ kí ìkankan nínú wọn jókòó síbi tí awakọ̀ ń jókòó. Ọ̀nà PhD jìn. Epo ìbínú kì í gbéni dé ìdajì rẹ̀.

Oníṣègùn tó ṣe ìwádìí

Ẹ jẹ́ ká wo Lúùkù. Kólósè 4:14 jẹ́ kí á mọ̀ pé oníṣègùn ni. Ẹ wo bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀ ìwé rẹ̀. Ó kọ́kọ́ gbà pé àwọn kan ti kọ̀wé ṣáájú òun. Kò ṣe bí ẹni pé orí òun ni ọgbọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Ó tẹ̀lé ẹ̀rí àwọn tí ọ̀rọ̀ ṣojú wọn. Ó tọ ọ̀rọ̀ náà dé orísun. Ó tò ó lẹ́sẹẹsẹ. Ẹ̀yin tí ẹ ti ń kọ ìwé ìwádìí, ẹ ò rí i pé ohun tí wọ́n ń kọ́ yín nìyẹn? Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, ó dárúkọ ẹni tó tìtorí rẹ̀ ṣe wàhálà náà: Tìófílù, kí ọkàn rẹ̀ lè balẹ̀ lórí ohun tí wọ́n ti kọ́ ọ. Ẹnì kan ń dúró de ìdáhùn Lúùkù.

Ẹ tún ṣí orí kẹjọ. Obìnrin onísun ẹ̀jẹ̀ wà níbẹ̀, ọdún méjìlá gbáko. Máàkù 5:26 ti sọ tirẹ̀ láìfi bò: ìyà jẹ obìnrin náà lọ́wọ́ àwọn oníṣègùn, owó rẹ̀ tán, àrùn náà sì ń le sí i. Lúùkù, tí ó jẹ́ pé ẹgbẹ́ tirẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ń bá wí, ì bá ti fo ibẹ̀. Kò fò ó. Òun náà kọ ọ́ pé kò sí ẹnìkan tó rí obìnrin náà wò sàn. Ẹ̀yin ará, ibẹ̀ ni ìwádìí ti ń bẹ̀rẹ̀: ibi tí òṣìṣẹ́ ìlera ti gbà pé, "Agbára wa kò ká èyí." Ẹni tó ti mọ gbogbo nǹkan tán, kí ni yóò wádìí?

Ìyá tí mo parọ́ fún

Àbá ìwádìí tí mo kọ́kọ́ gbé lọ fún ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń bójú tó iṣẹ́ mi dá lórí ojú tí àwọn nọ́ọ̀sì fi ń wo kọ̀ǹpútà. N kò nífẹ̀ẹ́ sí ọ̀rọ̀ náà. Mo yàn án nítorí pé ìwé ìbéèrè rẹ̀ rọrùn láti pín. Bàbá náà kà á tán, wọ́n yọ awò ojú wọn, wọ́n ní, "Ta ni ó ń dúró de ìdáhùn yìí?" Mo wo ilẹ̀. Wọ́n ní kí n máa lọ, kí n padà wá nígbà tí mo bá rí ẹni náà.

Lóru ọjọ́ yẹn, ọmọ kan wá sí mi lọ́kàn. Ọmọ ọjọ́ márùn-ún ni nígbà tí ìyá rẹ̀ gbé e dé wọ́ọ̀dù wa. Ojú rẹ̀ àti àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ti pọ́n, ó ń ké ní ohùn tín-ín-rín, ẹ̀yìn rẹ̀ sì ti tẹ̀ kọdọrọ bí ọrun ọdẹ. Ibà pọ́njú ni. Fún ọjọ́ mẹ́ta ni ìyá náà ti ń gbé e sí oòrùn àárọ̀, tó ń fún un ní omi glúkóòsì, bí àwọn àgbà ilé ṣe ní kí ó ṣe. Aṣọ ọmọ náà ń rùn kánfọ̀, ẹyin funfun kéékèèké tí a ń jù sáàárín aṣọ kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́. Àyẹ̀wò fi hàn pé èròjà tí wọ́n ń pè ní G6PD kò tó nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Irú ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀ wọ́pọ̀ láàárín wa, pàápàá lára ọmọkùnrin; bí òórùn kánfọ̀ bá wọ ara irú ọmọ bẹ́ẹ̀, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí fọ́. A gbé e sábẹ́ iná aláwọ̀ búlúù, a pààrọ̀ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ẹ̀mí rẹ̀ kò bọ́. Ṣùgbọ́n ohun tó pọ́n ojú rẹ̀ ti dé ọpọlọ. Ọmọ náà kò gbọ́ràn mọ́.

Ìyá rẹ̀ dì mí lọ́wọ́ mú. Ó ní, "Nọ́ọ̀sì, kí ni mo ṣe?" Mo ní, "Ìyá, àmúwá Ọlọ́run ni."

Ẹ gbọ́ mi, ẹ̀yin ará: mo fi orúkọ Ọlọ́run bo iṣẹ́ tí àwa kò ṣe. Kí obìnrin náà tó bímọ, ó wá sí kílíníìkì wa lẹ́ẹ̀mẹfà. Kò sí ẹni tó bá a sọ̀rọ̀ kánfọ̀. Kò sí ẹni tó sọ fún un pé oòrùn àárọ̀ kò lè rọ́pò ilé ìwòsàn. Àwọn tó ṣáájú mi ti wádìí ọ̀rọ̀ náà, ó wà nínú ìwé lórí pẹpẹ wa. Kò dé ilé rẹ̀. Kí ló dá a dúró lọ́nà? Ta ni ìyá ń gbọ́rọ̀ sí lẹ́nu nígbà tí ojú ọmọ bá pọ́n, kí sì ló dé tí kì í fi í ṣe àwa? Mo padà sọ́dọ̀ ọ̀jọ̀gbọ́n. Mo ní mo ti rí ẹni tó ń dúró.

Àwọn tó ṣáájú wa

Ìlú Jos tí ọ̀pọ̀ nínú yín ti ń kàwé yìí ní ìtàn tirẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 1969, wọ́n gbé Laura Wine, nọ́ọ̀sì míṣọ́nnárì, láti abúlé Lassa wá sí ilé ìwòsàn míṣọ́n ní Jos. Kò pẹ́ tó fi kú. Charlotte Shaw, nọ́ọ̀sì tó tọ́jú rẹ̀, kó àrùn náà, òun náà kú. Penny Pinneo, nọ́ọ̀sì kẹta, tún dùbúlẹ̀. Wọ́n gbé e lọ sí New York, Ọlọ́run sì dá a sí. Níbi ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n gbà lára wọn ni àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Yale ti rí kòkòrò ibà Lassa. Ọ̀kan nínú àwọn onímọ̀ náà, Jordi Casals, kó àrùn yìí. Omi ara ẹ̀jẹ̀ Pinneo tó ti sàn ni wọ́n fà sí i lára, ó sì yè. Ní ọdún 1970, Dókítà Jeanette Troup, tó ti wà nídìí ọ̀rọ̀ náà ní Jos láti ìbẹ̀rẹ̀, gé ara rẹ̀ lọ́wọ́ níbi tó ti ń yẹ òkú aláìsàn wò kí ó lè mọ ohun tó pa á. Àrùn náà ló pa òun náà.

Ẹ tún wo ìhà ilé. Ní àwọn ọdún 1950, David Morley jẹ́ dókítà ọmọdé ní ilé ìwòsàn Wesley Guild ti ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ní Iléṣà. Kò dúró de kí wọ́n máa gbé ọmọ tó ti ń kú lọ wá bá a. Ó lọ sí Ìmẹ̀sí-Ilé, ó ń tẹ̀lé àwọn ọmọ láti ìgbà tí wọ́n bá ti bí wọn títí wọ́n á fi pé ọdún márùn-ún. Iṣẹ́ rẹ̀ yẹn ló mú kí káàdì ìwọ̀n ọmọ, èyí tí ìyá ń mú relé, tàn dé orílẹ̀-èdè púpọ̀. Gbogbo àwọn wọ̀nyí, aláìsàn tó wà níwájú wọn ló gbé ìbéèrè lé wọn lọ́wọ́.

Abẹ́ igi máńgòrò

Bí ìdí rẹ tilẹ̀ ti tọ́, Èṣù kò ní ṣàì wá ọ wá. Ní ọdún kẹta, owó mi tán. Ó kù ọgọ́ta ìyá tí ó yẹ kí n ṣì bá sọ̀rọ̀, n kò sì ní owó ọkọ̀ tí yóò gbé mi dé ọ̀dọ̀ wọn. Ọ̀rẹ́ mi kan, onígbàgbọ́ bíi tèmi, rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Gbé ìwé ìbéèrè yẹn lọ sábẹ́ igi máńgòrò, kí o fúnra rẹ kọ ìdáhùn sí i. Gbogbo ayé ló ń ṣe é." Mo lọ. Mo kọ mọ́kànlá. Nígbà tí mo dé orí ìkejìlá, mo ka ìbéèrè tí èmi fúnra mi kọ: "Kí ni ẹ ṣe nígbà tí ẹ rí i pé ojú ọmọ yín pọ́n?" Ọwọ́ mi dúró. Ìyá kan ti béèrè ohun tí òun ṣe lọ́wọ́ mi rí, mo sì parọ́ fún un. Èmi náà ló tún jókòó yìí, tí mo ń parọ́ mọ́ ìyá mọ́kànlá tí n kò rí rí.

Mo fa àwọn ìwé náà ya. Ó gbà mí ní oṣù méje sí i. Ẹ̀yin ará mi, òfin kẹsàn-án nínú Ẹ́kísódù 20 kò yọ ìwé ìbéèrè sílẹ̀. Ẹlẹ́rìí èké ni ẹni tó bá kọ èsì tí kò rí. Nínú iṣẹ́ tiwa, ẹ̀rí èké lè di òṣùwọ̀n oògùn, kí ó sì bọ́ sẹ́nu ọmọ ọlọ́mọ.

Kí ni kí á ṣe?

Ìwọ tí o fẹ́ bẹ̀rẹ̀, má gba fọ́ọ̀mù kí o tó lè fi ẹnu ara rẹ dárúkọ ẹni tó ń dúró. Bí o kò bá rí i, padà sí wọ́ọ̀dù, padà sí ilé oògùn, kí o fetí sílẹ̀. Yóò sọ̀rọ̀.

Ìwọ tí o ti bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìdí tí kò mọ́, má sá. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ bàbá rẹ̀ ni Sọ́ọ̀lù ń wá kiri nínú 1 Sámúẹ́lì 9 tí Ọlọ́run fi pàdé rẹ̀ lọ́nà. Jẹ́wọ́ fún Olúwa, kí o jẹ́ kí ó pààrọ̀ ìdí náà fún ọ.

Ìwọ tí Ọlọ́run kò pè sí i, máa fi ọkàn balẹ̀ ṣe iṣẹ́ rẹ. Ẹni tó ń yí aláìsàn padà lóru kí ẹ̀yìn rẹ̀ má baà bó, iṣẹ́ ìránṣẹ́ rẹ̀ kò kéré sí ti ọ̀jọ̀gbọ́n níwájú Olúwa.

Ẹ ó fẹ́ mọ̀ nípa dókítà tó bú mi. Ó ti kọjá sí òkè òkun kí n tó parí. Títí dòní, kò mọ̀ pé mo gba oyè kankan.

Ìyá ọmọ náà ni mo wá lọ. Ọmọ ti ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn adití. Mo sọ òtítọ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ náà fún un, mo sọ ti kánfọ̀, mo ní, "Ẹnikẹ́ni kò sọ fún yín. Ó yẹ kí èmi sọ ọ́, n kò sọ ọ́. Ẹ dárí jì mí." Ó dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà, ó gbé ọwọ́ lé ikùn rẹ̀. Ó ní, "Nọ́ọ̀sì, oṣù kẹrin rèé. Kí ni kí n ṣe fún èyí?"

Mo jókòó tì í, mo sì dáhùn.

Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà: Olúwa, yẹ ìdí tí mo fi ń lépa ìmọ̀ wò. Yọ ìbínú àti ìlara kúrò níbẹ̀. Fi ojú ẹni tó ń dúró hàn mí. Fún mi ní òtítọ́ nígbà tí owó bá tán, kí o sì jẹ́ kí ìdáhùn tí mo bá rí dé ilé ẹni tó nílò rẹ̀. Ní orúkọ Jésù. Àmín.