Ẹni Tó Sorí Kọ́ Kì Í Ṣe Olórí Burúkú

 

Lọ́jọ́ ọ̀sẹ̀ Ifá tó kọjá, níbí ní Olúpọ̀nnà, ọmọkùnrin kan dúró dè mí títí gbogbo èèyàn fi lọ tán. Kò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé orí burúkú ni mo yàn wá sáyé ni?" Mo ní kí ló dé. Ó ní ó ti tó oṣù mẹ́ta tí òun ò ti sùn dáadáa. Oúnjẹ ò wu òun, gbogbo ohun tó ń dùn mọ́ òun tẹ́lẹ̀ ti sú òun, bẹ́ẹ̀ sì ni ẹnikẹ́ni ò ṣẹ òun. Wọ́n ti sọ fún un nílé pé olórí burúkú ni.

Mo ṣèlérí pé màá kọ èsì mi sílẹ̀, kí ẹlòmíràn náà lè rí i kà. Torí èmi fúnra mi ti ru ẹrù yẹn rí.

Lẹ́yìn tí a sin ìyá mi ló bẹ̀rẹ̀. Mo kọ́kọ́ rò pé ọ̀fọ̀ ni, ọ̀fọ̀ náà sì ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tó di oṣù kẹrin, ó ti kọjá ọ̀fọ̀. Ilẹ̀ á mọ́, màá ṣì wà lórí ẹní. Ọ̀pẹ̀lẹ̀ mi wà níbi tó máa ń wà, n ò lè nawọ́ mú un. Àwọn èèyàn á wá láti Ìwó, láti Ilé-Ogbó, pé kí n bá àwọn dá'fá, màá ní kí ìyàwó mi sọ pé mo ti lọ sóko. Irọ́ ni. Inú yàrá ni mo wà, mo dojú kọ ògiri.

Ìtìjú ló dùn mí jù. Èmi tí mò ń sọ fún ẹlòmíràn pé ire ń bọ̀, n ò rí ire kankan níwájú. A máa ń sọ pé ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀, àmọ́ nígbà tó kàn mí, mo gbàgbé. Lóru ọjọ́ kan, ó wá sí mi lọ́kàn pé ilé yìí á fúyẹ́ bí n ò bá sí níbẹ̀ mọ́. Èrò náà bà mí lẹ́rù. Mo jí ìyàwó mi, mo sọ fún un. Kò pariwo, kò bú mi. Ó ní, "Bàbá wọn, ẹ jẹ́ ká jọ jókòó títí ilẹ̀ á fi mọ́." Bí ilẹ̀ ṣe mọ́, ó lọ pe bàbá tí mo kọ́'fá lọ́dọ̀ wọn.

Bàbá dá'fá fún mi. Ogbègúndá ló yọ. Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́'fá ti mọ ìtàn tó wà níbẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ ní ṣókí fún àwọn ọ̀dọ́. Orísèékú, Orílèémèrè àti Afùwàpẹ́ ọmọ Ọ̀rúnmìlà ń bọ̀ wá sáyé, wọ́n sì gbọ́dọ̀ lọ yan orí nílé Àjàlá, amọ̀kòkò tó ń mọ orí. Àwọn méjì àkọ́kọ́ yan tiwọn fúnra wọn. Òjò pa wọ́n lọ́nà, orí náà sì fọ́. Afùwàpẹ́ yà sọ́dọ̀ bàbá rẹ̀, wọ́n dá'fá fún un, ó rúbọ. Ó fún oníbodè kan ní iyọ̀, oníbodè mú un dé ọ̀dọ̀ Àjàlá. Onígbèsè ni Àjàlá, ó ti sá pamọ́ fún ẹni tó jẹ lówó. Afùwàpẹ́ bá a san gbèsè náà, Àjàlá wá ràn án lọ́wọ́ láti yan orí tó dára.

Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń dúró síbi orí tó fọ́, wọ́n á wá fi bú ẹni tí nǹkan ò gún fún. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká wò ó dáadáa. Ta ló jẹ̀bi? Ṣé Orísèékú ni? Ó wo orí, gbogbo wọn jọra lójú rẹ̀. Ẹni tó mọ orí tí kò sun ún jinná ni kò ṣiṣẹ́ rẹ̀ bó ṣe yẹ. Orí tó fọ́ nínú òjò kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ ẹni tó rù ú.

Ohun kejì: Afùwàpẹ́ rúbọ o, ṣùgbọ́n ẹbọ náà ò bá a yan orí. Ẹbọ ló mú un pàdé oníbodè, oníbodè ló mú un dé ọ̀dọ̀ ẹni tó mọ iṣẹ́. Ọmọ Ọ̀rúnmìlà gan-an ò dá orí yàn.

Lẹ́yìn tí a rúbọ tán, Bàbá bi mí pé, "Ta ni yóò mú ọ dé ọ̀dọ̀ Àjàlá?" Mo ní, "Ẹ̀yin ni, Bàbá." Wọ́n ní, "Rárá. Oníbodè ni mí. Ọ̀nà ni mo mọ̀." Wọ́n bá mi wọ ọkọ̀, ó di ilé ìwòsàn.

Níbi tá a kọ́kọ́ dé, ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà wo ìdè Ifá ọwọ́ wa, ó rẹ́rìn-ín, ó ní ṣé Ifá ti sú babaláwo ni. A ò dá a lóhùn. A gba ibòmíràn lọ. Dókítà tá a bá níbẹ̀ béèrè nípa oorun mi, oúnjẹ mi, ìyá mi, àti òru ọjọ́ yẹn. Ó yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò, torí àìtó ẹ̀jẹ̀ náà lè mú àárẹ̀ tó jọ bẹ́ẹ̀ wá. Ó ní ìsoríkọ́ ni, pé àìsàn ni bí ibà ṣe jẹ́ àìsàn. Ó fún mi ní oògùn, ó sì dá ọjọ́ tí màá máa wá bá ẹnì kan sọ̀rọ̀. Ó kìlọ̀ pé oògùn náà lè gba ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan kó tó ṣiṣẹ́, àti pé bí ara bá ti yá, n ò gbọdọ̀ ṣàdédé dá a dúró fúnra mi.

Mo sọ fún un nípa àgbo tí mò ń mu. Asofẹ́yẹjẹ wà nínú rẹ̀. Àwa awo mọ igi yìí, òun la fi ń mú kí ara ẹni tí wèrè ń dà láàmú rọlẹ̀. Ohun tí n ò mọ̀ ni pé reserpine wà nínú rẹ̀, oògùn tí àwọn dókítà kì í fún ẹni tó sorí kọ́, torí ó lè dá kún un. Ó tún máa ń mú kí ìfúnpá lọ sílẹ̀. Ẹ̀yin onísègùn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fún ẹni tó sorí kọ́ ní àgbo wèrè. Ẹ̀yin tí ẹ ń gba ìtọ́jú, ẹ má fi àgbo pamọ́ fún dókítà.

Bẹ́ẹ̀, kì í ṣe òní ni awo àti dókítà ti ń jọ ṣiṣẹ́. Ní 1954, Dókítà Thomas Adeoye Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Aró. Ó fi àwọn aláìsàn wọ̀ sílé àwọn ará abúlé tó wà nítòsí, pẹ̀lú ẹbí tó ń tọ́jú wọn. Wọ́n á gba ìtọ́jú lọ́sàn-án, wọ́n á padà sáàárín èèyàn lálẹ́. Ó sì pe àwọn onísègùn ìbílẹ̀ wá sínú iṣẹ́ náà. Láyé ìgbà yẹn, àwọn òyìnbó kan ń kọ ọ́ sínú ìwé pé ìsoríkọ́ ò wọ́pọ̀ láàárín ènìyàn dúdú. Lambo àti àwọn ará Yunifásítì Cornell ní Amẹ́ríkà wọ àwọn abúlé agbègbè Abẹ́òkúta, wọ́n bá àwọn èèyàn sọ̀rọ̀. Ìwé tí wọ́n gbé jáde ní 1963 fi hàn pé ó wà láàárín wa dáadáa. Ṣé a ò kúkú ní orúkọ fún un? A ní ó sorí kọ́. Orí tó sorí kọ́ ṣì wà lọ́rùn, ẹni tó máa bá a gbé e sókè ló ń wá.

Àwọn kan á ní ikú yá ju ẹ̀sín. Òótọ́ ni pé àwọn àgbà pa òwe yẹn, àmọ́ ìwà ìtìjú ni wọ́n pa á fún, wọn ò pa á fún aláìsàn. Àìsàn kì í ṣe ẹ̀sín. Bí èrò ikú bá wá sí ọ lọ́kàn, má dá wà. Jí ẹnì kan lóru náà, kí ẹ sì jọ lọ sí ilé ìwòsàn, ẹ má dúró de ọjọ́ ọ̀sẹ̀. Ẹ̀yin tí wọ́n bá sọ fún, ẹ má bú u, ẹ má fi í sílẹ̀ lóun nìkan.

N ò ní parọ́ fún yín, ọjọ́ mìíràn ṣì máa ń wúwo fún mi. Ìyàwó mi ló ń tọ́jú oògùn mi, àwọn awo ẹgbẹ́ mi ló ń wá pè mí bí n ò bá jáde. Ọ̀pẹ̀lẹ̀ ti padà sí ọwọ́ mi. Mo bọ orí mi, àmọ́ ẹsẹ̀ mi ni mo fi rìn dé ilé ìwòsàn. Ifá sì ti kọ́ wa pé ohun tí orí bá gbèrò láìsí ẹsẹ̀ níbẹ̀, kì í dé ibì kankan.

Nítorí náà, ọmọ mi, èsì mi nìyí: o ò yan orí burúkú. Ó rẹ orí rẹ ni. Ní ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀, èmi àtìẹ la jọ ń wọ ọkọ̀. Oníbodè ni mí.

Àbọrú, àbọyè.