Ohun tí Olórin Fi Sílẹ̀ àti Ohun tí Ó Kọ̀ Sílẹ̀

Ìbéèrè tí mo fẹ́ gbé yẹ̀ wò nínú àròkọ yìí kò ṣòro í béèrè. Ìdáhùn rẹ̀ ni ó ṣòro. Bí olórin kan bá wọ yàrá ìgbohùnsílẹ̀, tí ó ṣe iṣẹ́ rẹ̀, tí a jẹ́ kí ó gbọ́ ohun tí ó ṣe, tí ó sì wí pé èyí kò tó, pé kí a má ṣe gbé e jáde, ǹjẹ́ ó tọ́ kí a gbé e jáde lẹ́yìn tí ó bá ti papò dà? Àwọn kan yóò fèsì lójú ẹsẹ̀ pé kò tọ́, nítorí pé ìfẹ́ olóògbé ni ó yẹ kí a ṣe. Àwọn mìíràn yóò rán wa létí pé òkú kì í mọ iye tí a ra agọ̀, pé àwa tí a wà láàyè ni orin wà fún. Lójú tèmi, ìdáhùn méjèèjì ti yá jù. Kí ọ̀rọ̀ náà má baà di àríyànjiyàn lásán, mo fẹ́ gbé e ka orí ẹnì kan ṣoṣo.

Ẹni náà ni Bill Evans, atẹdùùrù ará Amẹ́ríkà. A bí i ní ìlú Plainfield ní ìpínlẹ̀ New Jersey ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹjọ, ọdún 1929. Ó kú ní New York ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1980. Dùùrù tí mo ń wí níhìn-ín kì í ṣe dùùrù ṣọ́ọ̀ṣì tí afẹ́fẹ́ ń fọn, bí kò ṣe èyí tí òòlù kéékèèké ń lu wáyà nínú rẹ̀, tí àwọn ènìyàn ń pè ní piánò. Orin jáàsì ni Evans ń fi í ṣe. Àwọn ènìyàn dúdú Amẹ́ríkà ni ó dá orin náà sílẹ̀. Òyìnbó ni Evans, ṣùgbọ́n ó bá wọn ṣe é débi pé ó wà lára àwọn tí ó bá Miles Davis ṣe àwo Kind of Blue ní ọdún 1959.

Ohun kan wà tí ó yẹ kí a mọ̀ nípa jáàsì kí á tó lè tẹ̀ síwájú. Ẹni tí ń lù ú kì í lu orin kan bákan náà lẹ́ẹ̀mejì. Yóò mú orin tí gbogbo ènìyàn mọ̀, yóò fi ohùn rẹ̀ hàn ní ìbẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà ni yóò máa ṣẹ̀dá tirẹ̀ lójú ẹsẹ̀, tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yóò máa gbè é tàbí kí wọ́n máa dá a lóhùn. Ẹni tí ó bá ti gbọ́ ìjálá lẹ́nu ọdẹ kan náà ní ọjọ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ kò ní ṣàì mọ ohun tí mo ń wí. Nítorí náà, bí olórin jáàsì bá lu orin kan lẹ́ẹ̀mẹ́ta níwájú ẹ̀rọ, odindi iṣẹ́ mẹ́ta ni ó ṣe, kì í ṣe iṣẹ́ kan àti ìdánrawò méjì. Ibi tí wàhálà ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 25 oṣù Kẹfà, ọdún 1961, Evans àti Scott LaFaro tí ń ta báàsì, pẹ̀lú Paul Motian tí ń lu ìlù, ṣeré ní Village Vanguard, ilé ìgbafẹ́ kan tí ó wà lábẹ́ ilẹ̀ ní New York. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni wọ́n jókòó ti ohun èlò wọn lọ́jọ́ náà, ẹ̀ẹ̀mejì ní ọ̀sán, ẹ̀ẹ̀mẹta ní alẹ́. Ilé-iṣẹ́ Riverside, tí ń bá Evans ṣe àwo, sì gba ohùn gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ọjọ́ kọkànlá lẹ́yìn náà ni LaFaro kú nínú ìjàm̀bá ọkọ̀. Ẹni ọdún 25 ni. Ìbànújẹ́ náà wọ Evans lára tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi pa eré ṣíṣe ní gbangba tì fún oṣù mélòó kan.

Nígbà tí òun àti Orrin Keepnews, olóòtú àwo, wá jókòó láti ṣa ohun tí yóò jáde, olóògbé ni wọ́n rò. Orin mẹ́fà péré ni wọ́n mú, èyí tí ohùn báàsì ti hàn ketekete. Èyí tí wọ́n fi ṣíde, Gloria's Step, LaFaro ni ó ṣẹ̀dá rẹ̀. Èyí tí wọ́n fi kádìí, Jade Visions, LaFaro náà ni ó ni ín. Wọ́n sọ àwo náà ní Sunday at the Village Vanguard. Orin mẹ́fà mìíràn láti ọjọ́ kan náà di àwo Waltz for Debby, èyí tí ó jáde ní ọdún 1962. Ìyókù wọ inú àpótí.

Ẹni tí ó bá gbọ́ àwo àkọ́kọ́ yẹn láti orí dé ìdí rẹ̀ ti bá wọn ṣe ìsìnkú. Ọ̀rẹ́ ń gbé ohùn ọ̀rẹ́ rẹ̀ síwájú, ó sì fi í kẹ́yìn, lẹ́yìn náà ó dákẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ náà wà lára iṣẹ́ náà.

Nígbà tí sídì dé, tí àyè sì wà lórí rẹ̀ ju ti àwo ṣẹ́láàkì àti fáínì lọ, àwọn tí ń ṣe àtúngbéjáde bẹ̀rẹ̀ sí í fi ohun tí ó wà nínú àpótí kún un. Nínú irú àtúngbéjáde bẹ́ẹ̀, bí Gloria's Step bá parí, Gloria's Step mìíràn ni yóò tẹ̀ lé e. Bí a bá dé ìparí Jade Visions, tí ó yẹ kí ilé pa rọ́rọ́, ẹ̀dà mìíràn tún bẹ̀rẹ̀. Orúkọ àwo náà kò yí padà, àwòrán iwájú rẹ̀ kò yí padà, ṣùgbọ́n ìsìnkú náà ti yí padà. Ó dà bí ìgbà tí ẹni tí ń kí ẹbí olóògbé bá ti ṣe àdúrà tán, tí ó dìde, tí a tún fà á jókòó pé kí ó tún un wí.

Ṣùgbọ́n n kò lè dúró síbẹ̀ kí n sì sọ pé mo ti dájọ́. Ní ọdún 2005, a kó gbogbo ohun tí wọ́n lù lọ́jọ́ náà jáde lórí sídì mẹ́ta, a tò ó bí wọ́n ṣe lù ú tẹ̀lé ara wọn. Orin tí ó ṣáájú níbẹ̀ ni ẹ̀dà Gloria's Step kan tí iná mànàmáná já níbi tí wọ́n ti ń lù ú, tí ohùn sì pòórá fún ìgbà díẹ̀. Ta ni yóò fọwọ́ sí i pé kí irú èyí jáde? Síbẹ̀, àkójọ yìí kò bí mi nínú bí ti àkọ́kọ́. Mo bi ara mi léèrè ìdí rẹ̀. Àkójọ ti ọdún 2005 sọ ohun tí ó jẹ́ fún wa: ó ní, ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ Àìkú kan rèé, ẹ wá wò ó. Kò ní àwo tí Evans ṣà ni òun. Àtúngbéjáde ìṣáájú ni ó wọ aṣọ àwo Evans, tí ó sì ń sọ ohun tí Evans kò sọ.

Níhìn-ín ni mo rò pé àwọn tí ń fi gbígbé jáde tàbí àìgbé jáde nìkan jiyàn ti ṣìnà. Àṣàyàn wà lára iṣẹ́ olórin gan-an bí ìka rẹ̀ lórí dùùrù ti wà lára rẹ̀. Ẹni tí ó bá fi nǹkan kún àṣàyàn ẹlòmíràn, tí ó sì fi orúkọ ẹni náà sílẹ̀ lórí rẹ̀, ó ti fi ọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu. Bí ohun tí ó fi kún un bá dára, ìyẹn kò mú ẹ̀bi náà kúrò.

Ẹnìkan lè wí pé olórin kọ́ ni ó máa ń ṣà nígbà gbogbo, òótọ́ sì ni. Ní oṣù Kẹjọ, ọdún 1962, Evans kó àwọn orin tuntun tí òun fúnra rẹ̀ ṣẹ̀dá wá sí yàrá ìgbohùnsílẹ̀, Zoot Sims àti Jim Hall sì wà lára àwọn tí ó bá a lù ú. Àwọn orin náà le. Iṣẹ́ àtòpọ̀ tí ó kù lórí wọn pọ̀, wọ́n sì gbé téèpù náà sí apá kan. Ọdún 1982, ọdún kejì lẹ́yìn ikú rẹ̀, ni ó tó jáde. Ní oṣù Kìíní, ọdún 1963, ó tún dá nìkan jókòó ti dùùrù. Èyí náà kò jáde títí di ọdún 1984. Kì í ṣe ohun ìkọ̀kọ̀ pé oògùn olóró heroin ti di bárakú fún un ní àkókò yẹn, àìní owó sì wà lára ohun tí ń lé e wọ yàrá ìgbohùnsílẹ̀ lemọ́lemọ́. Ní ti ilé-iṣẹ́ Riverside, Bill Grauer tí ó bá Keepnews dá a sílẹ̀ kú ní oṣù Kejìlá, ọdún 1963, ilé-iṣẹ́ náà sì kógbá sílé ní ọdún 1964. Ilé-iṣẹ́ Fantasy rà á ní ọdún 1972, Concord sì ra Fantasy ní ọdún 2004. Báyìí ni téèpù ọkùnrin yìí ṣe ń ti ọwọ́ bọ́ sí ọwọ́ bí oko tí a fi dógò. Ta ni ó kọ̀ ọ́ nínú irú ọ̀ràn yìí? Ṣé Evans ni, àbí olóòtú, àbí gbèsè? Ibi tí gbèsè bá ti dá orin dúró, n kò rí ìdí tí a ó fi máa bọ̀wọ̀ fún ìdádúró náà bí ẹni pé ìfẹ́ olóògbé ni. Ti Jámánì kò yàtọ̀: ohun tí Evans, Eddie Gomez àti Jack DeJohnette lù níbẹ̀ ní oṣù Kẹfà, ọdún 1968, ọdún 2016 ni ó tó jáde, nítorí pé ọ̀rọ̀ àdéhùn àti ẹ̀tọ́ kò parí. Ẹ jẹ́ kí ó jáde.

Èyí tí ó le jù kù. Láàárín ọdún 1966 sí 1975, ọkùnrin kan tí ó fẹ́ràn Evans gidigidi máa ń yọ́ gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ wọ Village Vanguard, a sì máa gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ láìgba àṣẹ. Ní ọdún 1996, a gbé díẹ̀ nínú rẹ̀ jáde lórí sídì mẹ́jọ. Àkọlé rẹ̀, The Secret Sessions, kò tilẹ̀ fi ohunkóhun bò. Ìfẹ́ ni ó mú un ṣe é, mo gbà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó mọ̀ pé àwọn tí ó wà níwájú òun nìkan ni yóò gbọ́ òun máa ń dá àṣà kan tí kò ní dá bí ó bá mọ̀ pé ayé yóò gbọ́. Òmìnira yẹn ni a gbà lọ́wọ́ rẹ̀. (Bí ẹ bá fetí sílẹ̀ sí àwo ti ọdún 1961, ẹ ó gbọ́ ìró gíláàsì àti ẹ̀rín àwọn tí ń mutí. Àwọn náà kò mọ̀ pé ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún tí àwọn ti ń sọ̀rọ̀ lórí dùùrù ẹni ẹlẹ́ni.)

Ó yẹ kí n sọ ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi ká mi lára. Nígbà tí mo jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, mo gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ tọ bàbá ọdẹ kan lọ fún àpilẹ̀kọ oyè mi. Níbi tí ó ti ń sun ìjálá, ó fi oríkì ìdílé kan fún ìdílé mìíràn. Ó dákẹ́. Ó ní, 'Ọmọ mi, pa ìyẹn rẹ́, jẹ́ kí n tún un ṣe.' Mo ní, 'Ó dáa, bàbá,' n kò sì pa á rẹ́. Ẹ̀dà tí ó ti ṣì í gan-an ni mo fi ṣe àlàyé nínú àpilẹ̀kọ mi, nítorí pé ó fi hàn bí apohùn ṣe ń wá ọ̀nà nígbà tí ìrántí bá yẹ̀ lórí rẹ̀. Àwọn olùkọ́ yìn mí fún orí-ìwé yẹn ju èyíkéyìí lọ. Bàbá ti kú. Àwọn ọmọ rẹ̀ wá bẹ̀ mí láìpẹ́ yìí pé kí n fún àwọn ní ohùn bàbá àwọn. Èyí tí ó tún ṣe ni mo fún wọn. Èyí tí ó ṣì ṣì wà lọ́dọ̀ mi, nínú àpótí kan lókè kọ́bọ́ọ̀dù.

Àkójọ ọdún 2005 wà lọ́dọ̀ mi, bẹ́ẹ̀ ni sídì àtúngbéjáde Sunday at the Village Vanguard. Bí mo bá ń gbọ́ ti ìkẹyìn yìí, tí Jade Visions sì parí lẹ́ẹ̀kan, mo máa ń dìde lọ pa ẹ̀rọ kí ẹ̀dà kejì tó bẹ̀rẹ̀. N kò lè purọ́ fún yín pé n kò jẹ́ kí ó kọjá bẹ́ẹ̀ rí.