Ọmọ tí ó Ṣe Olúorogbo

Bí ọmọdé bá kọ orin tí kò yé e lójú agbo, tí àwọn àgbà tí ó gbọ́ ọ sì ń sunkún, ta ni ó ni orin náà? Ọmọdé kì í bi irú ìbéèrè yìí. Ẹni tí ó ti dàgbà, tí ó bojú wẹ̀yìn wo alẹ́ ọjọ́ tí wọ́n fi àtíkè kùn ún lójú tí wọ́n sì tì í síwájú èrò, ni ó máa ń bi í, kì í sì í yá a lára láti bi í.

Eré olórin ti pẹ́ ní ilẹ̀ Yorùbá. Inú ìjọ Aládùúrà ni Hubert Ògúndé ti mú eré rẹ̀ lórí ọgbà Édẹ́nì àti ìtẹ́ Ọlọ́run wá sí gbọ̀ngàn Glover ní Èkó ní 1944. Ilé-ìwé kò gbẹ́yìn: bí ọdún bá ń parí lọ, olùkọ́ a kó ọmọ jọ, a fi ọ̀kan ṣe Sámúẹ́lì, a fi òmíràn ṣe Áísákì tí a dì sórí igi. Ìtàn Mọrèmi, tí Dúró Ládiípọ̀ sọ di eré ní 1966, bá irú àsìkò bẹ́ẹ̀ mu púpọ̀, nítorí ogun wà nínú rẹ̀, ọba wà níbẹ̀, ijó wà níbẹ̀, ọmọ kan sì wà níbẹ̀ tí gbogbo ojú yóò máa wò nígbẹ̀yìn.

Ìtàn náà kò ṣàjèjì. Àwọn ará Ùgbò ń fi ìkó bora bí ará ọ̀run, wọ́n sì ń kó Ifẹ̀ lẹ́rú. Mọrèmi jẹ́jẹ̀ẹ́ lọ́dọ̀ odò Ẹ̀sìnmìnrìn, ó jẹ́ kí wọ́n mú òun lọ, ó mọ àṣírí wọn, ó sá padà wálé, Ifẹ̀ sì fi iná ògùṣọ̀ ṣẹ́gun. Nígbà tí ó di àtisan ẹ̀jẹ́, odò kò gba àgùntàn, kò gba màlúù. Olúorogbo, ọmọ kan ṣoṣo tí Mọrèmi bí, ni ó gbà. Nínú gbogbo ìtàn yìí, ìyá ni ó ń ṣe. Ọmọ kò ṣe nǹkan kan ju pé kí ó lọ. Ṣùgbọ́n lórí ìtàgé, ẹnì kan ní láti jẹ́ ọmọ náà, a sì ní láti gbọ́ ohùn rẹ̀.

Kí a fi ọmọkùnrin ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kan ṣe àpẹẹrẹ, irú èyí tí ohùn rẹ̀ mọ́ tí olùkọ́ kò sì ní wá a jìnnà. Ó mọ̀ pé aṣọ funfun ni òun yóò wọ̀. Ó mọ̀ pé òun kò gbọdọ̀ rìn títí ìyáàlù yóò fi pe òun lẹ́ẹ̀mejì, àti pé òun kò gbọdọ̀ rẹ́rìn-ín nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ òun bá ń mi aṣọ aró bí omi odò. Ó mọ orin ìdágbére náà lórí bí ó ti mọ ìsọdipúpọ̀. Ohun tí kò mọ̀ ni pé ìyá òun ti sin ọmọ méjì ṣáájú òun. Orúkọ rẹ̀ nìkan ni ó sọ ọ́, ọ̀kan nínú àwọn orúkọ bíi Málọmọ́, Kòkúmọ́ àti Dúrósinmí. (Irú orúkọ bẹ́ẹ̀ náà ni Dúródọlá, tí Dúró Ládiípọ̀ ń jẹ́.) Ọmọ náà ń jẹ́ tirẹ̀ bí ẹni tí ó wọ ẹ̀wù tí kò bèèrè ẹni tí ó rán an.

Ní alẹ́ ọjọ́ eré, ìyá rẹ̀ jókòó ní bẹ́ǹṣì iwájú. Ọmọ tí wọ́n fi orúkọ bẹ̀ pé kí ó má lọ mọ́ dúró lójú gbogbo ìlú, ó ń fi ohùn dídùn kọrin pé òun ń lọ. Orin náà kò tíì dé ìdajì nígbà tí obìnrin náà dìde tí ó jáde. Ọmọ rí i, inú sì bí i. Ṣùgbọ́n àtẹ́wọ́ pọ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà, ó sì gbàgbé ìbínú náà. Fún ọgbọ̀n ọdún ni ó ń fi eré yìí yangàn níbi ìgbéyàwó àti ìsọmọlórúkọ, títí àbúrò ìyá rẹ̀ obìnrin fi sọ fún un lọ́jọ́ kan nípa àwọn méjì tí ó ṣáájú rẹ̀. Ó sọ fún un pẹ̀lú pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ìyá rẹ̀ ì bá sọ fún olùkọ́ tí wọn ì bá fi wá ọmọ mìíràn. Kò sọ ọ́, nítorí ó rí bí inú ọmọ náà ti dùn tó.

Àwọn kan yóò ní kò jẹ̀bi, pé ọmọdé kò mọ oògùn, ó ń pè é ní ẹ̀fọ́. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n òwe náà kò parí síbẹ̀. Ó ní kò mọ̀ pé ikú tí ó pa baba òun ni. Ewé náà kò yí padà nítorí pé ọmọdé pè é ní ẹ̀fọ́. Àwọn mìíràn yóò ní olùkọ́ ni ó ni orin, pé ìlù lásán ni ọmọ náà, a kì í sì í bá ìlù wíjọ́ nítorí ohun tí onílù fi í sọ. Èyí ni ó lágbára jù nínú àwọn àwíjàre náà, àléébù rẹ̀ kan ṣoṣo sì ni pé ìlù kì í dàgbà. Kò sí ìlù tí ó tó ẹni ogójì ọdún tí ó jí lóru tí ó ń rántí ohun tí wọ́n fi òun sọ. Pẹ̀lúpẹ̀lù, ọkùnrin yìí ti gba ìyìn orin náà bí ohun ìní rẹ̀ fún ọgbọ̀n ọdún. Kò lè wá dá ẹkún inú rẹ̀ padà fún olùkọ́.

Kì í ṣe pé olùkọ́ mọ́ pátápátá. Àràárọ̀ ni ó ń pe orúkọ ọmọ náà láti inú ìwé ìforúkọsílẹ̀, ó sì yẹ kí etí rẹ̀ gbọ́ ohun tí ẹnu rẹ̀ ń pè. Àwọn òǹwòran pàápàá ní ẹjọ́ díẹ̀. Ohun tí ó dùn mọ́ wọn nínú ni ọmọ tí ó gbà láti lọ láìjanpata, èyí sì rọ àgbàlagbà lọ́rùn púpọ̀. Nínú ìtàn, àwọn ará Ifẹ̀ ṣèlérí láti di ọmọ fún Mọrèmi, wọ́n sì ń rántí rẹ̀ nínú ọdún Ẹdì. Olúorogbo náà di ẹni tí à ń bọ. Ṣùgbọ́n bíbọ kì í ṣe bíbi léèrè.

Kí ni kí ọkùnrin náà wá ṣe? Bí ó bá lọ tọrọ àforíjì, ohun tí ìyá rẹ̀ fi ìfẹ́ ṣe yóò di ẹ̀ṣẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́. Bí ó bá sì dákẹ́, yóò máa yangàn lọ, tàbí kí ó má lè sọ̀rọ̀ eré náà mọ́ láéláé. Ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé ìyá ni yóò la ọ̀nà. Ó ń ṣa ẹ̀gúsí lọ́wọ́ nígbà tí ọmọ rẹ̀ dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, kò sì gbójú sókè.

“Èmi kò dúró dé òpin rẹ̀,” ni ó wí. “Báwo ni ẹ ṣe parí rẹ̀?”

Ọkùnrin náà sọ fún un pé nígbà tí wọ́n ká aṣọ aró náà kúrò, gbogbo àwọn òṣèré tò sí iwájú, wọ́n sì dọ̀bálẹ̀ fún èrò.

“Ìwọ náà dìde?”

“Mo dìde, ìyá mi. Èmi ni mo kọ́kọ́ dìde.”