Ta Ni Ààbò Wà Fún?

Bí a bá bi onílé kan ní Ìkòtún léèrè bóyá ààbò wà ní àdúgbò rẹ̀, ohun tí yóò kọ́kọ́ nawọ́ sí ni ògiri ilé rẹ̀: bí ó ti ga tó, àfọ́kù ìgò tí ó tò sí orí rẹ̀, àti wáyà ẹlẹ́gùn-ún tí ó tún ta lé àfọ́kù ìgò náà lórí. Lẹ́yìn èyí ni yóò nawọ́ sí géètì ẹnu òpópó tí wọ́n ń tì lálẹ́, àti ọlọ́dẹ tí gbogbo ojúlé ń dá owó fún lóṣooṣù. Ìdáhùn yìí kò burú. Ẹni tí olè ti jà rí ni ó mọ bí ó ti ń dun ni tó. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan tún wà tí ó yẹ kí a bi ara wa: ta ni ààbò náà wà fún? Èrò tí mo fẹ́ gbé kalẹ̀ nínú àròkọ yìí ni pé kì í ṣe oorun tí onílé ń sùn ni a fi ń wọn ààbò àdúgbò. Àlejò tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀, tí ilẹ̀ ṣú sí lọ́nà, ni òṣùwọ̀n rẹ̀.

Àwọn kan yóò sọ pé iye ẹ̀ṣẹ̀ tí ó ń ṣẹ̀ ní ibì kan ni kí a fi wọn ààbò ibẹ̀. Bí wọ́n ti ń ṣe é ní Amẹ́ríkà nìyẹn. Láti ọdún 1930 ni àjọ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ wọn, FBI, ti ń gba iye ìwà ọ̀daràn jọ láti ọwọ́ ọlọ́pàá ìlú kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n sì ń ṣírò rẹ̀ sí ti 100,000 ènìyàn. Ẹni tí ó fẹ́ ra ilé sí ìlú kékeré kan yóò kọ́kọ́ yẹ iye yìí wò. Ṣùgbọ́n ìlú tí ó ní 2,000 ènìyàn péré, bí ẹnì kan bá pa ẹnì kejì níbẹ̀ lọ́dún yìí, ìṣirò yóò sọ pé ìpànìyàn 50 ni ó wà fún 100,000 ènìyàn. Bí kò bá sì ṣẹlẹ̀ lọ́dún tí ń bọ̀, yóò di òdo. Ǹjẹ́ ìwà àwọn ará ìlú náà ti yí padà tó bẹ́ẹ̀ láàrin ọdún kan?

Ní ilé wa níhìn-ín, ìwé ìṣirò tí ìjọba àpapọ̀ gbé jáde fún ọdún 2017 fi hàn pé ẹ̀sùn 134,663 ni wọ́n kọ sílẹ̀ ní gbogbo Nàìjíríà. Ti Ìpínlẹ̀ Èkó nínú rẹ̀ jẹ́ 50,975. Ti Ìpínlẹ̀ Katsina jẹ́ 120 péré. Ta ni yóò gbà pé ẹ̀ṣẹ̀ 120 péré ni gbogbo ará ìpínlẹ̀ kan ṣẹ̀ láti oṣù kìn-ín-ní títí dé oṣù kejìlá? Ẹ̀sùn tí ó dé àgọ́ ọlọ́pàá ni ìwé ń kà. Kò ka fóònù tí wọ́n já gbà lọ́wọ́ èrò ọkọ̀ tí olóhun sì gbé e mì. Kò ka ìbẹ̀rù. Kò sì ka aláìṣẹ̀ tí àwọn ènìyàn lù bolẹ̀ nítorí pé wọ́n fura sí i. Iye wúlò fún ẹni tí ó fẹ́ mọ ibi tí yóò ran ọlọ́pàá lọ, ṣùgbọ́n kò lè dáhùn ìbéèrè tí a béèrè.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀. Ààbò jẹ mọ́ bíbò. Ohun tí a fi bo ènìyàn kí ibi má baà bà á ni. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, a gbọ́dọ̀ bèèrè bóyá ìbora náà tó gbogbo wa. Bí mo bá gbé ògiri tèmi ga, tí aládùúgbò mi kò lówó láti gbé tirẹ̀ ga, èmi kọ́ ni mo lé olè lọ. Mo kàn júwe ilé aládùúgbò mi fún un ni. Ó dà bí ènìyàn mẹ́ta tí ń fa aṣọ kan ṣoṣo bora ní òru ọyẹ́: bí ẹni ìkángun kan bá fà á mọ́ra, ẹni ìkángun kejì ni òtútù ń mú. Àwọn àgbà sì ti kìlọ̀ pé bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, bí a kò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru.

Báwo ni àwọn baba wa ṣe ń ṣọ́ ìlú? Wọ́n mọ odi, wọ́n fi oníbodè sí ẹnubodè, àwọn ọdẹ a sì máa rìn lóru. Ṣùgbọ́n ohun tí ó ń ṣọ́ ìlú jùlọ ni mímọ̀. Àlejò kì í wọ ìlú láìní ilé tí ó dé sí, baálé ilé náà ni yóò sì dáhùn fún un bí ọ̀rọ̀ bá ṣẹlẹ̀. Olè tí ó gbé kàkàkí ọba, níbo ni yóò ti fọn ọ́n? Kò sí ẹni tí kò mọ kàkàkí náà, kò sì sí ẹni tí kò mọ ọmọ ẹni tí ó gbé e.

Bí a bá dúró síbí yìí, àpọ́nlé àtijọ́ lásán ni a ṣe. Ààbò ìgbà náà, ẹni tí a mọ̀ ni ó wà fún. Ní 1821, àwọn akógun wọ Òṣoògùn, wọ́n kó ọmọdékùnrin kan tí ń jẹ́ Àjàyí lẹ́rú, wọ́n sì ń tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi dé etí òkun. Òun ni a wá mọ̀ sí Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther. Nínú odi ìlú rẹ̀, ọmọ ẹnì kan ni. Nígbà tí ó kúrò níbẹ̀, ọjà ni. Odi tí ó dára fún àwọn tí ó wà nínú rẹ̀ kò sọ nǹkan kan nípa ẹni tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀.

Alímọ̀ṣọ́ ti òde òní wá yàtọ̀ pátápátá. Ilẹ̀ Àwórì ni, ṣùgbọ́n àwọn tí ń gbé orí rẹ̀ ti ibi gbogbo wá. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ ka ènìyàn ní 2006, wọ́n ní ará ìjọba ìbílẹ̀ náà ju 1,200,000 lọ. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó kò gbà, wọ́n ní ó ju mílíọ̀nù méjì lọ. Láti Ẹ̀gbẹ́dá dé Ìgàndò, ayálégbé lè gbé ilé kan fún ọdún mẹ́ta kí ó má mọ orúkọ ẹni tí ó wà ní yàrá kejì. Ìjì ni ó ń jí ẹnì kan lọ síbi iṣẹ́, òkùnkùn ni ó sì ń bá a wọlé. Níhìn-ín, kàkàkí ọba pọ̀ lọ́jà, kò sì sí ẹni tí ó mọ ọba tí ó ni ín. Bí mímọ̀ nìkan bá ni ààbò, a jẹ́ pé gbogbo wa ni a wà láìní ààbò, nítorí pé àlejò ni gbogbo wa.

Mo rí ìtumọ̀ èyí ní òru kan nínú oṣù kẹrin ọdún 2020. Ìjọba àpapọ̀ ti ní kí ará Èkó, ará Ògùn àti ará Abuja jókòó sílé láti alẹ́ ọjọ́ 30 oṣù kẹta nítorí àrùn Kòrónà. Iṣẹ́ dúró, ebi ń pa àwọn tí ń ṣiṣẹ́ òòjọ́, ìròyìn sì gba ìgboro pé àwọn ẹgbẹ́ adigunjalè tí a ń pè ní One Million Boys ń bọ̀. Ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ àdúgbò Èkó àti Ògùn, àwọn ọkùnrin jáde, wọ́n ń dáná sun táyà ní oríta, wọ́n sì ń ṣọ́ òru mọ́jú. Àwa náà jáde ní òpópó wa ní apá Ìkòtún. Ẹni tí ó ní àdá mú àdá, ẹni tí ó ní irin mú irin. Èmi mú pákó kan lẹ́yìn ilé. N kò ní purọ́, ìṣọ́ náà ní ire tirẹ̀: ọ̀sẹ̀ yẹn ni mo kọ́kọ́ mọ orúkọ ọkùnrin kan tí a ti jọ ń gbé òpópó náà fún ọdún mẹ́fà.

Ní nǹkan bí agogo mẹ́ta òru, ọ̀dọ́mọkùnrin kan yọ láti ọ̀nà Ìgàndò, ó gbé àpò kọ́ èjìká. Wọ́n pè é, ó dúró. Wọ́n ní níbo ni ó ti ń bọ̀, ó ní ibi tí àwọn ti ń ṣe búrẹ́dì. Wọ́n ní ta ni ó mọ̀ ní àdúgbò yìí. Kò mọ ẹnikẹ́ni. Ẹnì kan já àpò náà gbà, ó tú u: búrẹ́dì ni, ó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Dípò kí èyí dá a láre, ẹlòmíràn bèèrè pé ṣọ́ọ̀bù ta ni ó fọ́. Wọ́n gbá a létí, ó ṣubú. Táyà ń jó lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Mo dúró, pákó wà lọ́wọ́ mi, n kò sì sọ nǹkan kan.

Ìgbà tí ó yíjú sí iná ni ó rí mi, ó ké: “Tíṣà! Tíṣà, èmi nì yí!” Mo ti kọ́ ọ ní Yorùbá rí kí ó tó fi ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀. Orúkọ rẹ̀ kò wá sí mi lẹ́nu, ṣùgbọ́n mo dá ojú rẹ̀ mọ̀. Mo ní, “Akẹ́kọ̀ọ́ mi ni. Ẹ fi í sílẹ̀.” Wọ́n fi í sílẹ̀, wọ́n tilẹ̀ bẹ̀ ẹ́. Ó yọ búrẹ́dì kan nínú àpò fún wa kí ó tó máa lọ.

Àwọn ènìyàn yìn mí, ṣùgbọ́n ìyìn náà há mi lọ́fun. Bí ó bá jẹ́ pé ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn ni ó lọ ńkọ́? Kí n tó dá a mọ̀, aláìṣẹ̀ ni. Lẹ́yìn tí mo dá a mọ̀, aláìṣẹ̀ náà ni. Kò sí ohun tí ó yí padà lára rẹ̀. Kì í ṣe òdodo ni ó gbà á là bí kò ṣe mímọ̀, ẹni tí a kò mọ̀ ni ó sì nílò òdodo jùlọ.

Àwọn tí mímọ̀ kò yọ pọ̀. Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹwàá ọdún 2012, ní Aluu, lẹ́bàá Port Harcourt, wọ́n fi ẹ̀sùn olè kan akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì mẹ́rin, wọ́n lù wọ́n, wọ́n sì dáná sun wọ́n. Ilẹ̀ tí wọ́n ti ń fi ìṣirò wọn ààbò náà kò bọ́ nínú rẹ̀. Ní ọjọ́ 23 oṣù kejì ọdún 2020, bí oṣù méjì ṣáájú òru tí mo sọ, lẹ́yìn ìlú kékeré kan tí ń jẹ́ Brunswick ní Georgia, ní Amẹ́ríkà, òyìnbó mẹ́ta fi ọkọ̀ lé ọ̀dọ́mọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan, Ahmaud Arbery, tí ó ń sáré, wọ́n sì yìnbọn pa á. Wọ́n ní àwọn rò pé olè ni. Kò mú nǹkan kan lọ́wọ́. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2021, ilé ẹjọ́ dá wọn lẹ́bi ìpànìyàn. Àwọn mẹ́ta yìí náà yóò ti sọ pé ààbò àdúgbò ni àwọn ń wá.

Nígbà tí mo gbé ọ̀rọ̀ yìí dé ìpàdé ẹgbẹ́ onílé, bàbá àgbàlagbà kan tí olè ti kó ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì dìde. Ó ní, “Tíṣà, ẹ̀kọ́ lẹ ń kọ́ wa. Olè tí a bá fà lé ọlọ́pàá lọ́wọ́ lónìí, a óò tún rí i lójú pópó lọ́la.” N kò lè sọ pé irọ́ ni ó pa. Òfin 1999 ní ọlọ́pàá kan ṣoṣo ni kí Nàìjíríà ní, ọlọ́pàá náà kò sì kárí wa. Nítorí èyí ni Èkó fi ṣe òfin ẹ̀ṣọ́ àdúgbò ní 2016, tí àwọn gómìnà mẹ́fà ilẹ̀ Yorùbá fi gbé Àmọ̀tẹ́kùn kalẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 9 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2020. Ọwọ́ ìjọba pàápàá kò mọ́: wọ́n tú ẹ̀ka ọlọ́pàá SARS ká ní oṣù kẹwàá ọdún náà, lẹ́yìn tí àwọn ọ̀dọ́ ké gbàjarè pé irun orí àti kọ̀ǹpútà inú àpò ni wọ́n fi ń dá àwọn lẹ́jọ́.

Síbẹ̀, mo dá bàbá náà lóhùn. Olè tí ọlọ́pàá tú sílẹ̀, a ṣì lè tún un mú. Aláìṣẹ̀ tí iná jó, ta ni yóò tún un dá? Òfin kan náà, ní abala 36, sọ pé aláìṣẹ̀ ni ẹni tí a fi ẹ̀sùn kàn títí ẹ̀rí yóò fi dá a lẹ́bi. Kì í sì í ṣe ẹ̀kọ́ òyìnbó nìkan. Àwọn àgbà tiwa ni ó sọ pé agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Wọn kò sọ pé àfi bí agbẹ́jọ́ náà bá jẹ́ onílé, tí olè sì ti jà á rí.

A jiyàn títí ilẹ̀ fi ṣú. Níkẹyìn, a fẹnu kò lórí ohun mẹ́ta. Èkínní, gbogbo ayálégbé ni yóò máa wá sí ìpàdé, kì í ṣe onílé nìkan, kí a lè mọ ara wa. Èkejì, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ na ẹni tí a mú. Kí a dè é, kí a sì pe ọlọ́pàá. Ẹ̀kẹta ni ó dùn mọ́ mi jù. Bí àlejò bá dé ẹnu géètì lóru, kí ọlọ́dẹ bèèrè ibi tí ó ń lọ, kí ó sì sìn ín dé ìkángun òpópó.

Ẹ̀yin òǹkàwé, ohun kẹta yìí kì í ṣe tuntun. Yorùbá kì í jẹ́ kí àlejò dá lọ. A máa ń sìn ín dé ọ̀nà. Bí àlejò náà bá jẹ́ olè, kò ní ráyè jà níwọ̀n ìgbà tí ọlọ́dẹ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí ó bá sì jẹ́ ọmọ tí ó ń gbé búrẹ́dì relé, yóò délé. Bàbá tí ó bá mi jiyàn ni ó ra tọ́ọ̀ṣì tí ọlọ́dẹ wa fi ń sin àwọn ènìyàn nísinsin yìí.