Ààyè Tó Ṣófo Lórí Táímù-Tébù Mi

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, ìbéèrè kan ti ń jẹ mí lọ́kàn, mo sì fẹ́ ká jọ yẹ̀ ẹ́ wò: ta ló ni àkókò mi?

Nígbà tí sẹ̀mẹ́sítà tó kọjá bẹ̀rẹ̀, mo ra páálí funfun kan, mo fi rúlà fa ìlà sí i, mo sì pín wákàtí 168 tó wà nínú ọ̀sẹ̀. Kíláàsì gba 20. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tẹ̀wé, tí wọ́n ti ń ṣe fótòkọ́pì, gba 36. Ìwé kíkà gba 42, oorun gba 42. Oúnjẹ, ìwẹ̀, aṣọ fífọ̀ àti ọkọ̀ wíwọ̀ gba 24. Ṣọ́ọ̀ṣì gba 4. Mo ṣírò ẹ̀, ó pé géérégé. Kò ṣẹ́ ku ìṣẹ́jú kan. Inú mi dùn débi pé mo pe àwọn ará yàrá kejì wá wò ó. Mo ní, "Ẹ wá wo ayé ẹni tó létò!"

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni gbogbo ẹ̀ fi lọ dáadáa. Lọ́sẹ̀ kẹrin, ibà dá ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń gbé yàrá dùbúlẹ̀. Láàárọ̀ Sátidé, ó ń gbọ̀n lábẹ́ aṣọ ìbora. Ó ní, "Jọ̀ọ́, ṣé o lè sìn mí dé ilé ìwòsàn?" Mo wo ara ògiri. Sátidé, aago mẹ́jọ: iṣẹ́. Mo bu omi fún un, mo fi Panadol méjì sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, mo ní màá tètè dé, mo bá tèmi lọ. Nígbà tí mo dé lálẹ́, bẹ́ẹ̀dì ẹ̀ ti ṣófo. Àwọn ará yàrá kejì ló gbé e lọ, wọ́n sì ti fa omi sí i lára. Nígbà tó padà dé, kò bínú. Ó kàn ní, "Mo mọ̀ pé mi ò sí nínú táímù-tébù." Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju èébú lọ.

Ṣé mo ṣẹ̀? Ẹ jẹ́ n gbèjà ara mi ná. Owó iṣẹ́ yẹn ni mo fi ń san owó ilé ìwé. Èlùbọ́ tí ìyá mi ń tà ò lè gbé e. Àti pé láti kékeré la ti ń ka ewì J. F. Ọdúnjọ nípa iṣẹ́ nínú Aláwìíyé. Kò sẹ́ni tó kọ́ wa pé ká káwọ́ gbera. Òótọ́ ni gbogbo èyí. Ṣùgbọ́n ọ̀gá mi ní fóònù, mi ò pè é. Mi ò tiẹ̀ ronú àtipè é. Ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀ṣẹ̀ mi wà: páálí ti gba ipò ẹ̀rí ọkàn lọ́wọ́ mi.

Mo tún ìṣirò náà ṣe. Kíláàsì, iṣẹ́ àti ìwé kíkà nìkan jẹ́ 98. Ní 1919, àdéhùn àkọ́kọ́ tí àjọ ILO ṣe ni pé kí iṣẹ́ ilé ìṣelọ́pọ̀ má ju wákàtí 8 lójúmọ́ àti 48 lọ́sẹ̀ lọ. Òfin iṣẹ́ Nàìjíríà náà ní kí òṣìṣẹ́ máa fi ọjọ́ kan sinmi nínú méje. Èmi tí ẹnikẹ́ni ò nà ní pàṣán, mo fọwọ́ ara mi ṣe ara mi lẹ́rú, mo wá ń pè é ní ètò.

Ẹnì kan á ní, "Tóo bá ń dá gbogbo èèyàn lóhùn, ìwọ lo máa féèlì." Kò parọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo àáró àwọn àgbẹ̀ ayé àtijọ́. Lónìí wọ́n á ro oko tìrẹ, lọ́la wọ́n á ro tèmi, títí á fi kárí. Kì í ṣe pé wọn ò níṣẹ́ o. Oko ẹlòmíràn wà nínú ètò tiwọn ni. Ìdí nìyẹn tí mo fi rò pé èmi ni mo ni àkókò mi lóòótọ́, àmọ́ kì í ṣe èmi nìkan.

Mo ti ra páálí mìíràn. Mo yọ wákàtí 8 kúrò nínú ìwé kíkà, mi ò kọ nǹkan kan síbẹ̀. Èmi àti akẹ́kọ̀ọ́ kejì tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù sì ti ṣàdéhùn: bí ọ̀ràn bá dé bá a, màá dúró fún un; bó bá dé bá mi, á dúró fún mi. Àáró náà nìyẹn, ìdí kọ̀ǹpútà la ti ń ṣe é. Bóyá máàkì mi á lọ sílẹ̀ díẹ̀, mi ò tíì mọ̀. Mo ti gbà bẹ́ẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá padà dé yàrá lónìí, ẹ wo táímù-tébù tiyín. Bí ẹni tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì kejì bá ń gbọ̀n, wákàtí mélòó lẹ ní fún un?