Fèrèsé Dáníẹ́lì

Ẹ̀kọ́ wa: Dáníẹ́lì 6: 1–10

Ìtàn Dáníẹ́lì nínú ihò kìnnìún kì í ṣe àjèjì sí ẹnikẹ́ni nínú wa. Láti ilé ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi ni a ti mọ̀ ọ́n, àwọn ọmọ wa sì lè sọ ọ́ láìwo ìwé. Ṣùgbọ́n nítorí pé ojú wa a máa yára lọ sí ibi tí kìnnìún wà, a kì í sábà dúró níbi fèrèsé. Níbẹ̀ ni mo fẹ́ kí a dúró díẹ̀ ní oṣù yìí.

Òfin ti jáde láti ọ̀dọ̀ Dáríúsì ọba pé títí ọgbọ̀n ọjọ́ yóò fi pé, kò sí ẹni tí ó gbọdọ̀ tọrọ ohunkóhun lọ́wọ́ ẹlòmíràn, ìbáà ṣe ọlọ́run tàbí ènìyàn, àfi lọ́wọ́ ọba nìkan. Dáníẹ́lì gbọ́, ó sì mọ̀ pé a kò lè yí òfin náà padà. Ó lọ sílé, ó wọ yàrá òkè rẹ̀ níbi tí fèrèsé ti kọjú sí ìhà Jerúsálẹ́mù, ó sì ń gbàdúrà lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́. Ìwé Mímọ́ fi kún un pé bí ìṣe rẹ̀ ti rí láti ìgbà pípẹ́ ni. Ẹ kíyèsí ọ̀rọ̀ kékeré yìí. Dáníẹ́lì kò la fèrèsé tuntun láti fi han àwọn ọ̀tá rẹ̀ pé òun kò bẹ̀rù. Kò bọ́ sí ìta gbangba láti kígbe. Ohun tí ó ṣe kò ju pé ó kọ̀ láti ti fèrèsé tí ó ti wà ní ṣíṣí tẹ́lẹ̀.

Ó dàbí ẹni pé mo ń gbọ́ ohùn àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé: “Bàbá, ọgbọ̀n ọjọ́ péré ni. Ẹ rọra ti fèrèsé yìí. Ọlọ́run a máa gbọ́ àdúrà láti inú òkùnkùn pẹ̀lú. Bí ẹ bá kú, ta ni yóò máa gbèjà àwọn ènìyàn wa ní ààfin?” Ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n ni, èmi kò sì rí irọ́ kan nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo ìlú ti mọ fèrèsé náà. Bí ó bá tì í ní ọjọ́ tí òfin jáde, títì náà yóò di ìwàásù, ohun tí yóò sì wàásù rẹ̀ ni pé Dáríúsì tóbi ju Ọlọ́run Dáníẹ́lì lọ.

Ẹlòmíràn lè bi mí pé, ǹjẹ́ Olúwa wa kò ha kọ́ wa nínú Mátíù orí kẹfà pé kí a ti ilẹ̀kùn yàrá wa bí a bá ń gbàdúrà? Ó kọ́ wa bẹ́ẹ̀. Òun kan náà ni ó sì sọ ní orí karùn-ún pé abẹ́ òṣùwọ̀n kì í ṣe ibùgbé fìtílà. Mo ti ro ọ̀ràn yìí pẹ́. Èrò mi ni pé kí a kọ́kọ́ wo ohun tí ó ń dúró dè wá ní ìta. Bí ìyìn ènìyàn ni, kí a ti ilẹ̀kùn. Bí kìnnìún ni, kí a má ṣe tì í. Ní ìlú wa lónìí, pàápàá ní Ọjọ́ Ìsinmi, ìyìn ni ó pọ̀ jù. Orúkọ Jésù wà lára ọkọ̀, ó wà lókè ṣọ́ọ̀bù, ó wà lára aṣọ ẹgbẹ́, kò sì ná wa ní ohunkóhun, bí kò ṣe owó ọ̀dà tí a fi kọ ọ́. Mo sì máa ń rò ó pé òṣùwọ̀n gan-an ni Olúwa wa dárúkọ, nítorí ọ̀pọ̀ fìtílà ni ó ń kú lọ́jà wa sábẹ́ kóńgò tí a ti tẹ ìdí rẹ̀ wọnú.

Ẹ padà sí ìbẹ̀rẹ̀ orí náà. Ọgọ́fà ìjòyè ni ọba yàn láti ṣe àkóso, ó fi alákòóso mẹ́ta ṣe olórí wọn, Dáníẹ́lì sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Iṣẹ́ wọn ni láti rí i pé ọba kò pàdánù. Kí àwọn ọ̀tá tó dé ibi fèrèsé, iṣẹ́ ọba yìí ni wọ́n kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Wọ́n wá àṣìṣe, wọn kò rí. Wọ́n wá àbẹ̀tẹ́lẹ̀, wọn kò rí. Nígbà tí ọ̀nà yẹn dí mọ́ wọn ni wọ́n tó lọ wá òfin tí yóò mú un nípa ti Ọlọ́run rẹ̀. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ìwé ìṣirò owó wà lọ́wọ́ yín, ní ọ́fíìsì, nínú ẹgbẹ́, àti nínú ìjọ Ọlọ́run pẹ̀lú, kí ni àǹfààní fèrèsé tí ó ṣí bí ìwé ìṣirò bá wà ní títì?

Ó yẹ kí n jẹ́wọ́ ọ̀ràn kan fún yín. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ẹnìkan kú nínú ẹbí wa, a sì pé jọ láti sọ̀rọ̀ lórí ohun tí ó fi sílẹ̀. Èmi ni wọ́n ní kí n fi àdúrà bẹ̀rẹ̀. Mo gbàdúrà, àdúrà náà sì gùn. Nígbà tí ó yá, àwọn kan wí pé kí opó náà kó ẹrù rẹ̀ jáde kúrò nínú ilé tí òun àti ọkọ rẹ̀ jọ kọ́. Mo mọ̀ pé kò tọ́. Mo wo ilẹ̀. Bàbá àgbà kan, tí a kì í rí ní ṣọ́ọ̀ṣì tí a kì í sì í rí ní mọ́ṣáláṣí, ni ó la ẹnu pé: “Ẹ fi obìnrin yìí sílẹ̀ nínú ilé rẹ̀. Ojú mi ni ó ṣe ń ru yanrìn nígbà tí wọ́n ń kọ́ ọ.” Wọ́n sì fi í sílẹ̀. Nígbà tí a fẹ́ túká, wọ́n tún ní kí n gbàdúrà. Ẹ̀yin ará, èmi kò rántí ohun tí mo sọ.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ro ti Pétérù tí ó ń yáná nínú àgbàlá olórí àlùfáà. Ohùn Gálílì tí ó wà lẹ́nu rẹ̀ ni ó tú u fó, gẹ́gẹ́ bí a ti ń mọ ará Ìjẹ̀bú tàbí ará Èkìtì kí ó tó parí gbólóhùn kan. Ní tèmi, kò sí ẹni tí ó bi mí bóyá mo mọ Jésù. Àdúrà mi ti sọ fún wọn pé mo mọ̀ ọ́n. Ìdákẹ́ mi ni ó sọ pé èmi kò mọ̀ ọ́n.

Àwọn tí ó ṣáájú wa mọ iye tí fèrèsé ṣíṣí ń náni. Ní ọdún 1846 ni Townsend àti Crowther gbé iṣẹ́ Ìhìnrere wọ Abẹ́òkúta. Ọdún náà ni Crowther tún rí Àfàlà ìyá rẹ̀, lẹ́yìn nǹkan bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n tí ogun ti yà wọ́n. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kejì ọdún 1848, a ṣe ìrìbọmi fún ìyá náà, a sì sọ ọ́ ní Hánà. Ìtàn dídùn ni, a sì fẹ́ràn láti máa sọ ọ́. Èyí tí a kì í sábà sọ ni ti ọdún 1849, nígbà tí inúnibíni dìde sí àwọn onígbàgbọ́ ìlú náà, tí a mú wọn, tí a nà wọ́n, tí a sì kan àbà mọ́ ẹsẹ̀ àwọn mìíràn. Wọn kò tíì ní odindi Bíbélì ní èdè wọn, nítorí ọdún 1884 ni ìtumọ̀ náà tó parí. Inú agbo ilé ni wọ́n sì ń gbé, níbi tí gbogbo ènìyàn ti mọ ẹni tí kò wá síbi ẹbọ ọdún. Wọn kò lè fi ìgbàgbọ́ wọn pamọ́ bí wọn kò bá fi í sílẹ̀.

Ẹ̀yin olùkọ́, kìnnìún tiyín ti ń bú. Mo mọ arábìnrin kan láàárín yín tí ó kọ̀ láti jẹ́ kí a kọ ìdáhùn sí ojú pátákó fún àwọn ọmọ nínú ìdánwò. Wọ́n pè é ní ọ̀tá ìlọsíwájú. Ọ̀gá rẹ̀ bínú sí i. Ṣùgbọ́n ohun tí ó dùn ún jù ni ti àwọn òbí tí wọ́n jọ ń jókòó lórí àga kan náà ní ṣọ́ọ̀ṣì, tí wọn kò kí i mọ́. Ọ̀kan nínú wọn wà nínú ẹgbẹ́ akọrin.

Ìdánwò àṣekágbá ọdún yìí kò ní pẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin òbí, mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe di owó sínú ìwé lọ bá àwọn olùkọ́ wọ̀nyí lóru. Ẹ̀yin tí ẹ sì wà ní ìjọ arábìnrin náà, ẹ mọ ẹni tí mo ń sọ. Ẹ kí i ní Ọjọ́ Ìsinmi tí ń bọ̀.