Ta Ni Ó Ni Eré?

Kò sí ẹni tí ó lè sọ pé òun ni òun ni ayò. A lè ra ọpọ́n lọ́wọ́ gbẹ́nàgbẹ́nà, a sì lè ṣa ọmọ ayò 48 jọ, ṣùgbọ́n eré náà gan-an kò ní olówó kan. Ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n ta lè kọ́ ẹlòmíràn láìtọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ǹjẹ́ ó yẹ kí eré orí kọ̀ǹpútà náà rí bẹ́ẹ̀?

Ní ọdún 1991 ni Linus Torvalds, akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Helsinki ní ilẹ̀ Finland, bẹ̀rẹ̀ sí kọ Linux. Òun ni ọkàn ètò tí ó ń darí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà lónìí. Ẹnikẹ́ni ni ó lè ka àwọn àṣẹ tí a fi kọ ọ́, kí ó tún un ṣe, kí ó sì pín in fún ẹlòmíràn. Àwọn eré kan wà tí a lè ṣe lórí Linux. Èyí tí mo fẹ́ràn jù nínú wọn ni Freeciv, níbi tí a ti ń tẹ ìlú dó, tí a ń wá ìmọ̀ kún ìmọ̀, tí a sì ń bá ará ìtòsí ṣọ̀rẹ́ tàbí kí a bá a jagun. Akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta ní Yunifásítì Aarhus, ní ilẹ̀ Denmark, ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1995. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ tipẹ́, síbẹ̀ eré náà kò kú, nítorí pé àwọn mìíràn gbà á tọ́jú.

Ọ̀rọ̀ kan náà ni Gẹ̀ẹ́sì ń lò fún ohun tí a kò sanwó fún àti ohun tí kò sí nínú ìdè. Yorùbá kò da méjèèjì pọ̀: ọ̀tọ̀ ni ọ̀fẹ́, ọ̀tọ̀ ni òmìnira. Títà ni id Software ta Doom nígbà tí ó jáde ní 1993. Ní 1997, wọ́n tú àwọn àṣẹ rẹ̀ síta, ṣùgbọ́n wọn kò fi àwòrán inú rẹ̀ sílẹ̀. Àwọn ènìyàn ya àwòrán tiwọn, wọ́n sì pe àbọ̀ iṣẹ́ wọn ní Freedoom.

Ẹnìkan lè bi wá pé: kí ni ẹni tí ó ṣiṣẹ́ yóò jẹ? Ìbéèrè gidi ni. Loki Software bẹ̀rẹ̀ ní 1998 láti máa mú eré títà wá sórí Linux. Gbèsè wọ̀ ọ́ lọ́rùn, ó sì kógbá wọlé ní 2002. N kò rí ẹ̀ṣẹ̀ nínú kí oníṣẹ́ ọwọ́ gba owó iṣẹ́ rẹ̀. Ohun tí kò tọ́ lójú mi ni pé kí ó ṣíwọ́ títà, kí ó sì tún ti ilẹ̀kùn mọ́ iṣẹ́ náà kí ẹlòmíràn má baà lè tún un ṣe. Sísin iṣẹ́ láàyè ni ìyẹn.

Ṣùgbọ́n ẹrù wà lọ́rùn àwa tí a ń ṣeré náà. Bí gbogbo wa bá ń gbà, tí ẹnikẹ́ni kò tọ́jú, ohun gbogboogbò yóò bàjẹ́. Ẹni tí kò mọ bí a ṣe ń kọ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà lè túmọ̀ ọ̀rọ̀ inú Freeciv sí èdè abínibí rẹ̀. Àyè náà ṣí sílẹ̀ fún àwa Yorùbá pẹ̀lú.